Ṣé òun ló mọ̀ àbí dùsà ló mọ̀? Bí wọ́n ṣe ń dán ìrántí ẹran inú òkun wò

Lọ́jọ́ kejì Iléyá tó kọjá, ẹṣin kan wà lórí ìso ní àgbàlé ẹ̀yìn ilé wa ní Pàkátà, ní Ìlọrin níbí, ẹṣin funfun kan báyìí tí gọ̀gọ̀ ẹ̀ gùn. Ọmọkùnrin kan tó máa ń fọ ẹṣin yẹn, tó máa ń bu omi fún un nígbà tó ṣì kéré, ti lọ Kàdúná láti bí ọdún mẹ́fà, kò sì wálé rí látìgbà náà. Bó ṣe yọ lẹ́nu ọ̀nà báyìí, ẹṣin gbórí sókè, ó yán, ó fa okùn títí okùn fi le tantan, ó wá ń fi imú ti ọmọ náà láyà. Ariwo ta. Ìyá àgbà tó jókòó sídìí ògiri ní "Ẹ wò ó, ẹ wò ó, kò gbàgbé ọmọ mi!", omi sì fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú ẹ̀. Àfi bọ̀dá kan tó ń ta ẹṣin, tó nàka sí báàgì ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ ọmọ náà, dùsà, èèrí ọkà tí ẹṣin ń jẹ, ló kún inú ẹ̀, ó ní, "Màmá, ṣé ọmọ yín ló mọ̀ ni àbí dùsà ló mọ̀?"

Awuyewuye yẹn gbà wá títí di àsìkò alàásárì, kò sì sẹ́ni tó jàre. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní báọ́lọ́jì ni wọ́n wá kọjú sí, wọ́n ní tíṣà, ìwọ sọ ọ́, ẹranko máa ń rántí àbí kì í rántí? Mo ní ó máa ń rántí, ìyẹn ò le, ewúrẹ́ mọ ọ̀nà ilé, ajá mọ olówó ẹ̀. Ibi tó ti le ni bí èèyàn ṣe máa mọ̀ dájú pé ohun tí òun rí yẹn, ìrántí ni, kì í ṣe ebi, kì í ṣe òórùn oúnjẹ, kì í ṣe pé ẹni tó dúró tì í ló ṣẹ́jú sí i.

Àwọn tó ń ṣèwádìí ìrántí ẹran inú òkun, ọ̀rọ̀ dùsà yìí náà ni wọ́n ń bá fà á láti nǹkan bí ọdún 50 sẹ́yìn, mo sì rí i pé ó yẹ kí n là á yéni torí fídíò kan tó ń kiri orí fóònù wa. Ẹran ńlá méjì ni, dúdú òun funfun, wọ́n ń yí kiri nínú omi tó ti ṣe àwọ̀ ewé, kò sí èèyàn kankan lórí ìjókòó tó yí omi náà ká. Orca ni wọ́n ń pè wọ́n, ẹbí dọ́fíìnì ni wọ́n àmọ́ wọ́n tóbi tó ọkọ̀ bọ́ọ̀sì. Ìyá àti ọmọ ni, Wikie lorúkọ ìyá, Keijo lorúkọ ọmọ, ọgbà ìgbafẹ́ tí wọ́n wà ní Antibes nílẹ̀ Faransé sì ti ti ilẹ̀kùn mọ́ èrò látìgbà tí oṣù kìíní ọdún 2025 ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn bi mí pé kí ló dé táwọn òyìnbó ń pariwo lórí ẹran tó ń jẹun yó, ṣé ẹran mọ̀ pé òun lọ́mọ ni, ṣé tí wọ́n bá gbé ọmọ lọ kò ní gbàgbé ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì? Ìbéèrè gidi ni. Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rẹ́rìn-ín ẹni tó bi í.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹran tá à ń sọ. Dọ́fíìnì kì í ṣe ẹja bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú omi ló ń gbé, ó ń bímọ, ó ń fọ́mọ lọ́mú, atẹ́gùn bíi tiwa ló ń mí, tó bá pẹ́ jù lábẹ́ omi á kú ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni àbùùbùtán, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí wọ́n ń pè ní kìnnìún òkun, tó nírun lára, tó lè wọ́ jáde wá sórí iyanrìn. Àwọn tó wà nínú ọgbà káàkiri ayé, òmíràn wà tí wọ́n fi àwọ̀n mú nínú òkun, ọ̀pọ̀ sì wà tó jẹ́ inú ọgbà yẹn náà ni wọ́n bí wọn sí, wọn ò fojú kan òkun rí. Àwọn ọgbà máa ń yá ara wọn ní akọ tàbí abo kó lè gùn, bí àwa náà ṣe ń yá àgbò lọ́wọ́ ara wa, torí náà dọ́fíìnì kan lè bá àwọn mẹ́ta kan gbé lónìí, tó bá di ọdún tó ń bọ̀ kí wọ́n gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sílùú mìíràn, ó di gbére nìyẹn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sórí ẹ̀.

Ẹṣin ló kọ́ ayé lọ́gbọ́n nídìí ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ kì í ṣe ẹṣin Ìlọrin. Ní Berlin nílẹ̀ Jámánì, ní bíi 1904, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìntì, Wilhelm von Osten, ní ẹṣin kan tó ń jẹ́ Hans. Tó bá bi í pé 3 àti 4 jẹ́ mélòó, ẹṣin á fi pátákò lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀meje, á dúró. Èrò ń wọ́ wá wò ó. Bàbá yẹn ò sì purọ́ fẹ́nikẹ́ni, òun fúnra ẹ̀ gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Lọ́dún 1907 ni Oskar Pfungst gbé ìwádìí tiẹ̀ jáde pé ẹṣin ò mọ ìṣirò kankan, ara ẹni tó bi í ní ìbéèrè ló ń wò, bí pátákò bá ti kan iye tó yẹ báyìí, orí onítọ̀hún á mì fẹ́ẹ́, ara á dẹ̀ ẹ́, kò sì ní mọ̀ pé òun ṣe nǹkan kan, ẹṣin á sì dúró. Tí ẹni tó ń bi í ò bá mọ ìdáhùn, Hans náà ò mọ̀ ọ́n. (Ní tèmi o, ẹ̀dá tó lè ka ara èèyàn báyẹn, ọgbọ́n ẹ̀ pọ̀, ó kàn jẹ́ pé kì í ṣe ọgbọ́n ìṣirò ni.) Látìgbà náà ni ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dán ẹranko wò ti gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ara ẹ̀ pé ta ló wà nítòsí, kí ló sì wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Àwa ará Ìlọrin mọ bí wọ́n ṣe ń dán iyè wò, ilé kéwú la ti kọ́ ọ. Nígbà tí mo wà níbẹ̀, wàláà lórí itan, tàdáà ní gbogbo ìka ọwọ́, ọmọ kan wà láàárín wa tó jẹ́ pé tó bá ti bẹ̀rẹ̀ súrà láti ìbẹ̀rẹ̀, á kà á dópin bí ẹni pé òjò ń rọ̀ sórí páànù, àwa yòókù ń ṣe ìlara ẹ̀, a ní ìyá ẹ̀ ti lọ wá ìsọyè fún un. Àfáà wa ò yìn ín rí. Lọ́jọ́ kan àfáà mú ìlà kan láàárín méjì, ó kà á díẹ̀, ó ní "Máa bá a lọ." Ọmọ yìí la ẹnu, nǹkan kan ò jáde. Ojú ẹ̀ wá lọ sí ẹnu àfáà, ó ń wo ètè ẹ̀ bóyá á rí ọ̀rọ̀ tó kàn níbẹ̀, àfáà sì rọra fa etí láwàní ẹ̀, ó fi bo ẹnu. Mo ṣì ń rí láwàní yẹn lójú ara mi títí dòní. Wọ́n bèèrè níbi tí kò retí, wọ́n bo ibi tó ti lè rí ìdáhùn jí, a sì wá rí i pé ohun tó ń kà fún wa látọjọ́ yìí, ahọ́n ẹ̀ ló mọ̀ ọ́n, iyè ẹ̀ ò mọ̀ ọ́n.

Àmọ́ dọ́fíìnì ò lè ka nǹkan fún wa. Báwo lèèyàn ṣe máa bi í?

Ìdáhùn tó wù mí jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo ti kà ni ti Jason Bruck, nígbà tó wà ní Yunifásítì Chicago, tó gbé iṣẹ́ ẹ̀ jáde lọ́dún 2013. Kẹ́ ẹ tó lè mọyì ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé dọ́fíìnì kọ̀ọ̀kan ló ní ìsúfèé tiẹ̀. Láti 1965 ni tọkọtaya kan, Melba àti David Caldwell, ti kọ́kọ́ kọ ọ́ síwèé pé ìsúfèé yìí kì í ṣe ti gbogbo ẹbí, ti ẹnìkọ̀ọ̀kan ni. Àwa Yorùbá, ọjọ́ kẹjọ la ń sọmọ lórúkọ, bàbá sọ ọ́, ìyá sọ ọ́, ìyá àgbà náà á fowó sínú omi á sọ tiẹ̀. Ọmọ dọ́fíìnì ò ní bàbá ìsọmọlórúkọ, á máa tẹ́tí sí ohùn tó yí i ká, á máa gbìyànjú, á máa tún un ṣe, kó tó pé ọdún kan òun fúnra ẹ̀ á ti ní ohùn kan tí kò jọ ti ẹlòmíràn, ìyẹn náà ni á sì máa jẹ́ títí. Lọ́dún 2013 yẹn náà, Stephanie King àti Vincent Janik ti Yunifásítì St Andrews fi hàn pé tí wọ́n bá gbé ìsúfèé dọ́fíìnì kan sí i létí nínú òkun Scotland, òun náà á dáhùn, bí ẹni tí wọ́n pè.

Bruck wá rò ó pé, ṣebí àwọn ọgbà tó ń yá ara wọn ní dọ́fíìnì yìí ní ìwé àkọsílẹ̀, ẹni tó bá ta gbé, ọdún tí wọ́n dé, ọdún tí wọ́n pínyà. Ọgbà mẹ́fà ló lò. Ó wá gba ohùn wọn sílẹ̀, ó gbé sípíkà sínú omi. Ohun tó ṣe rèé, ẹ fara balẹ̀ wò ó, torí ibi tí ọgbọ́n wà nìyí: kò kọ́kọ́ gbé ohùn ọ̀rẹ́ sí i. Ohùn àjèjì ló kọ́kọ́ gbé sí i, dọ́fíìnì tí ẹni yẹn ò bá pàdé rí láyé ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kíní dọ́fíìnì á yíjú, lẹ́ẹ̀kejì á yíjú díẹ̀, ó tún gbé àjèjì mìíràn sí i, òmíràn, òmíràn, títí ọ̀rọ̀ sípíkà yẹn fi sú u tó ń bá tiẹ̀ lọ. Ìgbà yẹn ló wá ju ohùn ẹni tí wọ́n jọ gbé rí láàárín wọn. Lójijì báyìí dọ́fíìnì á yí padà, á wá sídìí sípíkà, á rọ̀ mọ́ ọn, á máa yí i ká, òmíràn á máa súfèé sí i kó lè dá òun lóhùn. Tó bá sì jẹ́ ohùn àjèjì mìíràn tó jẹ́ ọjọ́ orí kan náà, akọ sí akọ, abo sí abo, ni wọ́n jù síbẹ̀, kì í rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣe é rí i? Kò sí ẹja kan ṣoṣo nínú ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ pé kó wá sídìí sípíkà, ẹnikẹ́ni ò san án lóore torí pé ó wá. Ọ̀rọ̀ dùsà ti kúrò ńbẹ̀.

Èyí tó wá mú gbogbo ayé sọ̀rọ̀ ni ti abo méjì kan, Allie àti Bailey. Ní Florida ni wọ́n ti jọ gbé nígbà tí Allie jẹ́ ọmọ ọdún 2, Bailey jẹ́ ọmọ ọdún 4, lẹ́yìn náà wọ́n pín wọn níyà, Allie bọ́ sí Brookfield Zoo lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chicago, Bailey bọ́ sí erékùṣù Bermuda. Ó lé ní ogún ọdún tí wọn ò tíì gbóhùn ara wọn, ọdún 20 àti oṣù 6. Bruck gbé ohùn Allie sínú omi Bermuda, Bailey sì mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí wọ́n gbé wọn kúrò lọ́dọ̀ ara wọn. Èmi ò rántí ohùn ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, àfi àwọn tí wọ́n ṣì wà pẹ̀lú mi lẹ́yìn ẹ̀. Ìwádìí náà tún sọ pé iye ọdún tí wọ́n ti pínyà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí nǹkan kan padà, ẹni tó pínyà láìpẹ́ àti ẹni tó ti pẹ́ gan-an, bákan náà ni wọ́n ń ṣe.

Ìrántí ẹnìkejì nìyẹn, àmọ́ oríṣi ìrántí mìíràn wà. Ní Santa Cruz ní California, kìnnìún òkun kan wà tó ń jẹ́ Rio, abo ni, Ronald Schusterman àti Colleen Reichmuth ló ń bá a ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1991 wọ́n kọ́ ọ ní eré kan: wọ́n á fi káàdì kan hàn án tí lẹ́tà tàbí nọ́ńbà wà lára ẹ̀, wọ́n á wá gbé méjì mìíràn sí ẹ̀gbẹ́, òun á mú èyí tó bá ti àkọ́kọ́ mu. Tó bá gbà á, ẹja. Wọ́n fi eré yẹn sílẹ̀. Ọdún 10 kọjá, wọ́n tún gbé e síwájú ẹ̀ bó ṣe wà, Rio sì ṣe é bí ẹni pé àná ni wọ́n fi í sílẹ̀, àti èyí tó ti rí rí àti èyí tí kò rí rí. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló dùn mọ́ mi jù. Tó bá jẹ́ káàdì nìkan ló há sórí, káàdì tuntun á dà á láàmú, ohun tó dì mú ni ìlànà inú ẹ̀, pé *èyí tó jọ èyí ni kí n mú*. Ìṣe ọmọ tó mọ lítíréṣọ̀ yàtọ̀ sí ìṣe ọmọ tó há a sórí, ẹni tó bá ti ṣe tíṣà rí mọ ohun tí mò ń sọ. Ọdún 2002 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹja wà nínú tiẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹja ò lè sọ fún un èyí tó tọ̀nà nínú káàdì méjì, irú ìdánwò báyìí sì ni wọ́n máa ń fi pátákó bo èèyàn nínú ẹ̀ kí ojú má baà bá ojú pàdé. Láwàní àfáà ni pátákó yẹn.

Mo fẹ́ fẹnu ba ti Hawaii náà, kí n má pẹ́ lórí ẹ̀. Louis Herman ní lábù ní Honolulu, láti ọdún 1970 sí wájú lòun àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ ti ń ṣe é, wọ́n dán bí dọ́fíìnì ṣe lè di ohùn kan mú lórí fún ìṣẹ́jú díẹ̀ wò, wọ́n tún kọ́ àwọn kan ní àmì tó túmọ̀ sí "tún ohun tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tán ṣe." Ẹ rò ó wò, kí ẹranko tó lè tẹ̀ lé àṣẹ yẹn, ó gbọ́dọ̀ bojú wẹ̀yìn wo ara ẹ̀.

Lọ́dún 2022 ni wọ́n wá ṣe irú ti àfáà wa gan-an. James Davies, Nicola Clayton àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ sí ọgbà Zoomarine lẹ́bàá Róòmù ní Ítálì, dọ́fíìnì mẹ́jọ ni wọ́n bá ṣe é. Wọ́n kọ́ wọn pé kí wọ́n lọ gba nǹkan wá, ibi tí nǹkan náà wà tàbí ẹni tó mú un lọ́wọ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n ní kí wọ́n kíyè sí, nígbàkígbà ló ń yí. Ọjọ́ kan ṣàdédé dé, nǹkan ò hàn sójú mọ́, àkókò ti kọjá díẹ̀, wọ́n ní kó lọ gbà á wá: níbo ló wà? ta ló mú un? Bíi kí n bi yín ní báyìí pé ẹni tó ta wàrà fún yín lánàá, aṣọ wo ló wọ̀? Ẹ ò há a sórí, ẹni kankan ò sọ pé ìdánwò ń bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè padà sí àná lọ́kàn yín kẹ́ ẹ lọ wò ó. Àwọn dọ́fíìnì yẹn wá ibi tó yẹ lọ. Àwọn tó ṣe é ò sọ pé ó jọ tèèyàn délẹ̀délẹ̀, wọ́n ní ó *dà bíi* ẹ̀, inú mi sì dùn sí ìṣọ́ra yẹn, torí ẹni tó bá pariwo jù nídìí ọ̀rọ̀ ẹranko, ó ti ń di bàbá Hans nìyẹn.

Àwọn kan á ní gbogbo èyí, eré ọmọdé ni, kí ló ṣe fún ẹran? Ó ṣe nǹkan. Ẹ wá sí Sausalito ní California, ilé ìtọ́jú kan wà ńbẹ̀ fún ẹran òkun tí wọ́n bá rí tó ń kú lọ létí òkun. Ewéko kéékèèké kan wà nínú òkun tí ojú lásán ò lè rí, tó bá pọ̀ lápọ̀jù á máa tú májèlé kan jáde tó ń jẹ́ domoic acid, ẹja kéékèèké jẹ ẹ́, kìnnìún òkun jẹ ẹja, májèlé dé ọpọlọ. Ibi tó ń bà jẹ́ nínú ọpọlọ, hippocampus, ibi tí ìrántí ti ń ṣiṣẹ́ ni, àti nínú tèèyàn náà. Lọ́dún 2015 Peter Cook àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí kìnnìún òkun 30 jáde, wọ́n ya fọ́tò ọpọlọ wọn, wọ́n sì fi ọ̀nà tó lọ́jú pọ̀ dán wọn wò bóyá wọ́n á rántí ibi tí wọ́n ti rí ẹja. Àwọn tí ibẹ̀ yẹn ti bàjẹ́ lọ́pọlọ wọn ò rántí. Ìyẹn ò mọ sórí ẹran: lọ́dún 1987, ní Kánádà, èèyàn tó lé ní 100 ló ṣàìsàn lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ìṣáwùrú òkun tó wá láti Prince Edward Island, tí májèlé yìí wà nínú ẹ̀, àwọn kan kú, àwọn kan yè é àmọ́ tí wọn ò lè fi ohun tuntun sọ́kàn mọ́. Ẹ wá rò ó, kìnnìún òkun tó ti yó, tó sanra, tára ẹ̀ ń dán, èèyàn á ní kí wọ́n dá a padà sómi, tí kò bá sì rántí ibi tó ti rí oúnjẹ lánàá, ikú ni wọ́n dá a padà sí. Ìdánwò ìrántí ló lè fi hàn.

Torí náà mi ò sí lára àwọn tó ń sọ pé gbogbo ìdánwò ẹran nínú ọgbà, ìwà ìkà ni. Láìsí ọgbà, a ò ní mọ Allie àti Bailey, ó ṣòro kéèyàn tó mọ ẹni tó bá ta gbé fún ogún ọdún nínú òkun báyẹn. Àmọ́ ohun tí ìdánwò yẹn sọ fún wa, àwọn tó ni ọgbà gan-an ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ìwé tó jẹ́ kí Bruck mọ̀ pé Bailey rántí, ìwé ìpínyà ni. Gbogbo ìlà inú ẹ̀ ló jẹ́ pé ẹnì kan ni wọ́n gbé kúrò lọ́dọ̀ ẹnì kan. Nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́, èrò wọn ni pé ẹran á gbàgbé, ó sì wá hàn pé kì í gbàgbé.

Ibi tọ́rọ̀ dé dúró títí di ìparí ọdún 2025 rèé. Íńdíà ti fòfin de irú ọgbà yìí láti 2013. Kánádà ṣe tiẹ̀ lọ́dún 2019, Faransé lọ́dún 2021, Mẹ́síkò náà ṣòfin lọ́dún 2025 pé kò sí eré dọ́fíìnì mọ́. Òfin dáa, inú mi dùn sí i, àmọ́ òfin ò sọ ibi tí àwọn tó wà ńbẹ̀ tẹ́lẹ̀ máa gbà. Wọn ò lè kàn dà wọ́n sókun, ẹran tí wọ́n bí sínú omi oníbùlọ́ọ̀kù, tí wọ́n ń fọwọ́ fún lẹ́ja látọjọ́ tó ti dáyé, kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọdẹ. Ní Niagara Falls ní Kánádà, àbùùbùtán funfun tí wọ́n ń pè ní beluga, 30, ló kù nínú ọgbà kan tí wọ́n ti tì, ọgbà náà fẹ́ kó wọn lọ sí Ṣáínà, mínísítà ìjọba kọ̀ ọ́ ní oṣù kẹwàá 2025, àwọn olówó ọgbà wá ní àwọn ò lówó bíbọ́ wọn mọ́, pé ó lè di pé kí àwọn fabẹ́rẹ́ pa wọ́n. Ti Antibes náà ò yàtọ̀: ìjọba Faransé ò gbà kí wọ́n kó Wikie àti Keijo lọ Jàpáánù, àwọn aláṣẹ ní Sípéènì ò gbà kí wọ́n kó wọn wá sí Tenerife, wọ́n ní àyè ibẹ̀ ò tó, ìyá àti ọmọ sì ń yí kiri nínú omi àwọ̀ ewé yẹn nígbà náà.

Bẹ́ ẹ bá ń gbọ́ àríyànjiyàn wọn, lórí ìwọ̀n omi ni, jíjìn ẹ̀, owó oúnjẹ, ta ló máa san án. Gbogbo ẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Ohun tí mi ò kí ń gbọ́ tó bó ṣe yẹ ni pé ta ni yóò bá ta lọ. Tó bá jẹ́ pé ọgbà mẹ́ta ló máa pín beluga 30 láàárín ara wọn, ọ̀rọ̀ kí ni wọ́n máa fi pín wọn, ṣé bí akọ àti abo ṣe pé ni, ṣé bí àga inú ọkọ̀ òfuurufú ṣe tó ni? Wọ́n lè gbé sípíkà sómi kí wọ́n wo ẹni tó ń dá ta lóhùn. Wọ́n lè ṣí ìwé àkọsílẹ̀ kí wọ́n wò ó bóyá ọgbà kan wà tí ẹni tí wọ́n ti pín níyà tẹ́lẹ̀ wà, kí wọ́n kó wọn pàdé. Àwọn nǹkan yìí ò gba owó tó pọ̀, mo sì rò pé ẹni tó bá mọ̀ wọ́n tí kò ṣe wọ́n, ó jẹ̀bi.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan nìyí. Níhìn-ín ní Kwara wa, bẹ́ ẹ bá kọrí sí Jẹ́bà tàbí Pàtígi, nínú odò Ọya, ẹran kan wà tí àwọn Hausa ń pè ní ayu, tí òyìnbó ń pè ní manatee, ó tóbi, ó rọra ń jẹ koríko inú omi, ó ń fọ́mọ lọ́mú bíi dọ́fíìnì. Ọ̀pọ̀ nínú yín tó jẹ́ ará Ọ̀ffà tàbí Òmù-Àrán ò tiẹ̀ mọ̀ pé a ní i. Wọ́n ń pa á fún ẹran àti fún òróró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ti dáàbò bò ó. Àwọn tó ń tọ́jú ìbátan ẹ̀ ní Florida ti rí i pé ẹ̀yìn ìyá lọmọ ti ń kọ́ ọ̀nà tó lọ síbi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà òtútù, ọdún tó tẹ̀ lé e òun náà á padà sí ibẹ̀ yẹn gan-an. Ẹni tó bá pa ìyá, ó ti pa ọ̀nà náà nínú orí ọmọ. Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Ta ló ń wò ó? Yunifásítì wà nílùú wa, ọgbà ẹranko wà nínú ẹ̀, àwọn ọmọ mi ń kó lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún láti lọ wo kìnnìún, mo sì ń gbàdúrà kí ọ̀kan nínú wọn lọ́jọ́ kan mú ọkọ̀ ojú omi lọ sí Pàtígi láti lọ bá àwọn apẹja jókòó, torí àwọn apẹja yẹn mọ ohun tí ìwé ò tíì kọ.

Ti ẹṣin Pàkátà, a ti fẹnu kò sí i. Ọmọ yẹn ti padà sí Kàdúná, ó ní òun ń bọ̀ nígbà Ìtúnnu. Ó máa dúró sẹ́yìn ògiri, ọwọ́ òfìfo, ọkùnrin mẹ́ta mìíràn á kọ́kọ́ pe ẹṣin náà lórúkọ níkọ̀ọ̀kan títí tí kò fi ní gbórí sókè mọ́, òun á wá pè é ṣìkẹrin, ẹni tó bá sì di okùn mú ò ní mọ ìgbà tó kàn án. Bọ̀dá tó ń ta ẹṣin ti gbà. Ìyá àgbà ò tiẹ̀ dá wa lóhùn, wọ́n ní àwọn ò nílò ìdánwò kankan.

Èmi ṣì ń ro ti Bailey. Ohùn yẹn jáde látinú omi, ó mọ̀ ọ́n, ó wá sídìí ẹ̀, sípíkà ló bá. Wọ́n pa á, wọ́n gbé e jáde, Allie wà ní Chicago, kò sì sí èdè tí ẹnikẹ́ni lè fi ṣàlàyé ìyẹn fún un.